Láti inú iye ọkọ̀ tó kọjá sí ibi tí wọ́n ń lọ

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ka ọkọ̀ lórí Afárá Carter, Afárá Èkó àti Third Mainland yóò mọ iye tó ń sọdá ọ̀sà wọ Erékùṣù Èkó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í kọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ síwájú orí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà tuntun ní láti mọ̀ gan-an nìyẹn.

Ká ní ọkọ̀ 600 jáde ní Yábàá, 400 jáde ní Súrùlérè, tí 500 dé Ìdúmọ̀tà, tí 500 dé Ọbáléndé. Ó lè jẹ́ pé 500 nínú ti Yábàá ló lọ Ìdúmọ̀tà, tí 100 tó kù àti gbogbo ti Súrùlérè forí lé Ọbáléndé. Ó sì lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Òǹkà kan náà ni méjèèjì máa fún wa.

Ní 1980, Henk van Zuylen àti Luis Willumsen, àwọn onímọ̀ nípa ìrìnnà ọkọ̀, dábàá pé kí a mú ìpín tó lè ṣẹlẹ̀ lónírúurú ọ̀nà jù lọ. Kí gbogbo awakọ̀ 400 láti Súrùlérè lọ sí ibì kan náà, ọ̀nà kan péré ló lè gbà ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá pín sí 200 àti 200, ẹni tó lọ síhìn-ín ì bá ti lọ sọ́hùn-ún, ọ̀nà rẹ̀ kò lóǹkà. Ti Yábàá náà á wá di 300 àti 300. Bí ìwádìí àtijọ́ nípa ibi tí ọkọ̀ ń lọ bá wà nílẹ̀, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀, á máa fi kún un, á máa yọ kúrò, títí yóò fi bá òǹkà mu.

Ará Yábàá lè gun Third Mainland ní Adékúnlé, ó sì lè gba Ìddó bọ́ sórí Carter. Bí ọ̀nà bá ṣe kún ni ìpinnu yìí ń yí padà, nítorí náà àtúnṣírò kì í tán bọ̀rọ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń ba òǹkà jẹ́ jù. Bí ọkọ̀ bá dúró gbagidi, ìwọ̀nba ló máa kọjá lórí rọ́bà tí wọ́n nà sójú títì láti fi ka ọkọ̀, ìwé á sì sọ pé ọ̀nà dá. Iye tí afárá gbà láyè ni wọ́n kà, kì í ṣe iye tó fẹ́ kọjá. Ó di dandan kí wọ́n wọn gígùn ìlà tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú. Danfó tó kún fọ́fọ́ àti jíìpù tó gbé awakọ̀ nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹ rọ́bà. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn ṣì fi ń jókòó sẹ́bàá títì pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó ń ya danfó sọ́tọ̀, tó sì ń fojú bu iye èrò inú rẹ̀.