Wèrè ìran: kí ló ń rìn nínú ẹbí gan-an?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní klíníìkì, kì í ṣe ti oògùn o. Ìyá ìyàwó lẹ máa rí, á fa àga súnmọ́ mi, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Dókítà" (nọ́ọ̀sì ni mí, àmọ́ ẹni tó bá ti wọ funfun, dókítà ni lójú wọn), "ilé tí ọmọ mi fẹ́ wọ̀ yìí, wọ́n ní àbúrò bàbá ọmọkùnrin náà ya wèrè nígbà kan. Ṣé kò ní í dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ mi?" Mi ò bú wọn rárá. Ká tó fa ọmọ fọ́kọ, a máa ń ṣèwádìí, ẹ̀tẹ̀, wárápá àti wèrè sì ni àwọn àgbà máa ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iye ẹ̀ ná.

Nínú 100 èèyàn tẹ́ ẹ bá kó jọ lásán, nǹkan bí ẹnì 1 ni skisofréníà (irú wèrè tó ń mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí kó máa gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́) máa mú láyé ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá ẹni ló ní in, ó ń lọ sí nǹkan bí 10 nínú 100, ìyẹn ni pé nǹkan bí 90 nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ní í ní in títí wọ́n á fi darúgbó. Kódà ìbejì tí wọ́n jọra délẹ̀, tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá (ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa nílẹ̀ Yorùbá ò rí bẹ́ẹ̀ o), bí ọ̀kan bá ní in, èkejì tó máa ní in ò tó ìdajì. Bí ìbátan bá sì ṣe ń jìnnà ni ewu náà ń lọ sílẹ̀, àbúrò bàbá ọkọ ti jìnnà gan-an sí ọmọ tí wọn ò tíì lóyún ẹ̀.

Kí ló wá ń rìn nínú ẹbí? Kì í ṣe jíìnì (ohun inú ara tá a ń jogún lọ́dọ̀ òbí) kan báyìí tó ń gbé wèrè dání, ọ̀pọ̀ jíìnì kéékèèké ni, kálukú ń dá tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan wà tó tún jọ pé ó máa ń bá wọn rìn, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lónìí: kí èèyàn máa yára gbà pé ọ̀rọ̀ ti yé òun.

Ní 1988, Philippa Garety, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní London fi ìlẹ̀kẹ̀ dán an wò. Ìgò méjì: ọ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ 85 jẹ́ àwọ̀ kan, 15 jẹ́ àwọ̀ kejì, ìgò kejì sì jẹ́ òdìkejì ẹ̀. Wọ́n á máa mú ìlẹ̀kẹ̀ jáde níkọ̀ọ̀kan látinú ọ̀kan nínú wọn láìjẹ́ kó o rí ìgò tó ti wá, ìwọ lo máa sọ ìgbà tó tó ẹ láti dáhùn pé ìgò báyìí ni. Lẹ́yìn ìgbà yẹn wọ́n ti tún un ṣe lóríṣiríṣi ibi, ohun tí wọ́n sì sábà ń rí ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní èrò òdì tí kò ṣeé yẹ̀ lọ́kàn wọn ló ń dáhùn lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì, àwọn tára wọn le sábà ń dúró wo púpọ̀ sí i. Kí n má purọ́, ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó jọra nínú ìgò 85 sí 15 yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, á fún yín ní ìdánilójú 97 nínú 100, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ń lo ìgò 60 sí 40, níbi tí méjì tó jọra ò ju 69 lọ, síbẹ̀ wọ́n á dáhùn.

Nílẹ̀ Netherlands wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí dán àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn wò, àwọn tára wọn le, wọ́n sì bọ́ sí àárín: wọ́n yára ju ará ìta lọ, wọn ò yára tó aláìsàn. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé ẹni tó bá ń kánjú ti ń ya wèrè lọ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ń kánjú tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ìyá ìyàwó tó fẹ́ fọ́ ìgbéyàwó torí ọ̀rọ̀ aládùúgbò kan, ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ló mú?

Èyí tó ń dààmú wa jù ni kí èèyàn má lè tún èrò ẹ̀ pa dà nígbà tí nǹkan míì bá yọjú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Délé gbà pé ará yàrá kejì ń fi fóònù ṣọ́ òun. Ọkùnrin náà rìnrìn àjò, kò sí nílé. Délé á ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti mọ̀ pé mo fura sí òun." Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú WhatsApp ẹbí, ẹ má sì bá a gbà á. Ẹ jókòó tì í, ẹ sọ pé, "Àbúrò mi, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Kí lo rí gan-an? Kí ni nǹkan míì tó tún lè fà á?" Kó fúnra ẹ̀ wá èkejì àti ẹ̀kẹta. Díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní Hamburg nílẹ̀ Jámánì nìyẹn, níbi tí Steffen Moritz, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ń bá àwọn aláìsàn ṣe é. Kò rọ́pò oògùn o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in nínú ẹbí, igbó lẹ máa kọ́kọ́ jìnnà sí, pàápàá àwọn tó lágbára tí wọ́n ń pè ní lawúdù àti kolorádò. Ìwádìí kan káàkiri Yúróòpù tó jáde ní 2019 rí i pé àwọn tó ń mu igbó líle lójoojúmọ́, ewu pé kí wọ́n ya wèrè tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ẹni tí kò mu ún rí. Oorun náà, ẹ má fi ṣeré.

Tó bá ti ń kọ oúnjẹ ilé torí pé ó fura sí i, tí kò sùn, tó ń dá ẹni tí a ò rí lóhùn, ẹ má dúró kó fọ́ fèrèsé. Ẹ gbé e lọ sí Àrò l'Abẹ́òkúta, Yàbá l'Ékòó, tàbí UCH n'Ìbàdàn. Pásítọ̀ tàbí bàbá oníṣègùn lẹ ti kọ́kọ́ lọ bá? Kò burú, kí wọ́n ṣáà má dè é, kí wọ́n má nà án, kí wọ́n má fi ebi pa á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú ìwádìí kan ní Nàìjíríà àti Gánà tó jáde ní 2020: níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá àwọn oníṣègùn àti onígbàgbọ́ ṣe é pọ̀, ara àwọn aláìsàn dá ju ti ibòmíì lọ.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń mu, àti ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí nínú ẹbí. Ẹ má fi ìkẹyìn yẹn pamọ́ fún dókítà, àti oògùn tí ẹni yẹn lò tó bá a lára mu, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀ wá.