Wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì

Wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní thrombophlebitis, ni àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dì sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, tí ara iṣan náà á wú, tí á sì máa roni. Ẹsẹ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù, àmọ́ ó lè mú apá, ọrùn tàbí àyà. Bó bá jẹ́ iṣan tó wà nísàlẹ̀ láàárín ẹran ara ni ẹ̀jẹ̀ dì sí, deep vein thrombosis ni wọ́n sábà máa ń pè é lónìí, wọ́n sì kà á sí àìsàn ọ̀tọ̀. Ti iṣan abẹ́ awọ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé jù.

Okùnfà

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan: kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn dáadáa, kí ògiri iṣan fara pa, àti kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa tètè dì ju bó ṣe yẹ lọ. Orúkọ Rudolf Virchow (1821–1902), oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ tó ti fẹ̀, tó sì lọ́ kókokòko, ló sábà máa ń fa ti abẹ́ awọ ẹsẹ̀. Ní apá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ló wọ́pọ̀. Oyún, iṣẹ́ abẹ, ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen àti àrùn jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀.

Àmì

Ojú ibẹ̀ á gbóná, á pọ́n, á sì máa roni bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Iṣan náà lè le bí okùn lábẹ́ awọ. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yìí lè má hàn rárá, nítorí náà ọwọ́ ló ṣe é gbára lé ju ojú lọ.

Àyẹ̀wò

Ibi tó ń roni kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà parí sí; ó lè ti gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò skáànù (ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán inú ara) fi ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fi orí ẹ̀rọ náà tẹ iṣan tó dá ṣáṣá, á pẹlẹbẹ. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí kò ní tẹ̀. Wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á sì wọn bó ṣe jìnnà tó sí ibi tí great saphenous, iṣan tó gùn jù lára ènìyàn, ti wọ inú iṣan ìsàlẹ̀ ní ìpìlẹ̀ itan. Nínú ìwádìí POST, tí wọ́n ṣe ní Faransé tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lára aláìsàn 844 ló ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ìsàlẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ó ṣeé ṣe kí iye yìí pọ̀ ju ti gbogbo ìlú lọ, torí ọ̀dọ̀ àwọn ògbóǹtarìgì nínú àìsàn iṣan ni wọ́n ti kó àwọn aláìsàn náà jọ.

Ìtọ́jú

Èyí tó kéré kò ju oògùn ìrora bí ibuprofen, aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti rírìn déédéé lọ. Bó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn ní fondaparinux, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, mílígíráàmù 2.5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 45. Ìwádìí CALISTO (2010) ló fìdí èyí múlẹ̀: ìdá 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro ńlá láàárín àwọn tó gbà á, 5.9 láàárín àwọn tí kò gbà á. Bí kò bá jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí iṣan ìsàlẹ̀, ìtọ́jú ti iṣan ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún un. Oògùn apakòkòrò kò wúlò àfi bí àkóràn bá wà níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn

Èyí tó ń ṣí kiri láti iṣan kan sí òmíràn lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ tó fara pamọ́. Armand Trousseau, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé èyí ní 1865. Ó rí i lára òun fúnra rẹ̀, jẹjẹrẹ inú ikùn ló sì pa á ní 1867. Ti iṣan àyà ń jẹ́ àrùn Mondor. Ti iṣan ọrùn tó ń tẹ̀ lé àkóràn ọ̀fun ni àrùn Lemierre.