Ṣé ara aláboyún ń bá oyún rẹ̀ jà ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn kan ń kiri orí Wọ́ọ̀súàpù láàárín àwọn aláboyún ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bá àrùn jà lára ìyá ló ń lé ọmọ jáde kí oṣù tó pé, nítorí náà kí aláboyún má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn léwu.

Ṣé ara ìyá ń bá ọmọ inú rẹ̀ jà?

Rárá.

Kí ló dé tí kò fi bá a jà, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ọmọ, ti bàbá ni?

Peter Medawar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, béèrè èyí lọ́dún 1953. Bí wọ́n bá gbé kíndìnrín ẹlòmíì sí yín lára, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara yóò gbógun tì í, àfi tí ẹ bá ń lo oògùn tó ń dá wọn lẹ́kun. Ti oyún yàtọ̀. Apá ibi ọmọ tó wọnú ara ìyá máa ń fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì tí ẹ̀ṣọ́ fi ń dá àlejò mọ̀ pamọ́, á wá yọ òmíràn, HLA-G, tó ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan náà tún wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa dá ìyókù dúró.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bí 70 nínú 100 ẹ̀ṣọ́ inú ilé ọmọ ló jẹ́ irú tí à ń pè ní NK. Wọn kì í pa ọmọ. Ńṣe ni wọ́n ń bá ibi ọmọ fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí iṣan yẹn ò bá fẹ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè tẹ̀lé e, ọmọ sì lè má tóbi tó bó ṣe yẹ.

Ṣé ara aláboyún ò wá lágbára mọ́ ni?

Ó lágbára, ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan máa ń le fún un ju ẹlòmíì lọ. Ẹ wo ibà: ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà ti wọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ibi ọmọ, ó sì lè wà níbẹ̀ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìka má rí i. Ara tó ń lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́ kò tíì bá irú rẹ̀ pàdé rí, òun ló sì máa ń jìyà jù.

Kí ló ń fa ìrọbí tí kò tó àkókò?

Ọmọ tí wọ́n bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni oṣù rẹ̀ kò pé. Tí oṣù bá pé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara máa ń ya wọ ilé ọmọ àti ẹnu rẹ̀. Èròjà tí wọ́n ń tú jáde ló ń mú kí ẹnu ilé ọmọ rọ̀, kí ikùn sì máa sún kì. Bí kòkòrò àrùn bá gòkè láti ojú ara, tàbí tí àrùn wà nínú ìtọ̀, iṣẹ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́. Ibi tí òótọ́ ìròyìn yẹn wà nìyẹn. Ìbejì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹnu ilé ọmọ tó kúrú náà ń fà á. Ní ti ọ̀pọ̀ ìyá, a kì í rí ìdí kankan. Ẹ má dá wọn lẹ́bi.

Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ńkọ́?

Ẹ gbà á. Kì í mú ọmọ jáde. Ààbò tí ìyá ní ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló sì ń pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àrùn fi ń tètè mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé.

Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ ní kílíníìkì, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò. Láti ọ̀sẹ̀ 13, ẹ máa lo SP, oògùn tó ń dènà ibà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Fansidar: nọ́ọ̀sì á ka hóró mẹ́ta sí yín lọ́wọ́, ẹ ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà níwájú rẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bímọ, oṣù kan láàárín wọn. Folic acid, fítámì tí wọ́n ń fún aláboyún, tó bá jẹ́ oní 5 mg máa ń sọ agbára SP dòfo, ti 0.4 mg kò ní wàhálà. Ẹni tó ń lo oògùn Septrin lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ fi SP kún un. Ẹ má fi àgbo tàbí ọṣẹ fọ inú ojú ara.

Àmì wo ni mi ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré?

Ikùn tó ń le tó tún ń dẹ̀ léraléra, omi tó ń dà, ẹ̀jẹ̀, ara gbígbóná. Ẹ má dúró di àárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 34, dókítà lè fún yín ní abẹ́rẹ́ dexamethasone tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó: 6 mg lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wákàtí 12 láàárín wọn. Wákàtí tí ẹ bá fi ṣòfò nílé agbẹ̀bí, ti abẹ́rẹ́ yẹn ni. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, ti Babcock sì wà ní Ìlíṣàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ti bá onímọ́tò sọ ọ́ sílẹ̀ kí oyún tó pé oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù ọkọ yín náà.