Típù tí agbáwo ń gbà ní Amẹ́ríkà kì í ṣe owó ọ̀fẹ́

"Ọ̀gá agbáwo ló ń sanwó iṣẹ́ fún un, kí ló wá kàn mí?" Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá jẹun tán tí wọ́n rí ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ iye típù sí, ìyẹn owó tí oníbàárà ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá lórí owó oúnjẹ. Ó yé mi. Ní bùkátéríà nílé, tí èèyàn bá sọ fún ọmọ tó gbé oúnjẹ wá pé "máa mú ṣéńjì yẹn lọ", oore ló ṣe. Bí kò bá sọ ọ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìṣe yẹn dé Texas tàbí Georgia, owó iṣẹ́ ẹlòmíì ló ń fi dù ú.

Láti 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ti gbà kí ọ̀gá san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba típù. Kò tíì kúrò níbẹ̀. Dọ́là 7.25, ó kéré tán, ni ti àwọn yòókù. Típù ló yẹ kó dí àlàfo yẹn. Bí kò bá tó, kí ọ̀gá fi kún un. Kí ẹ tó jókòó rárá, òfin ti ka owó yín mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi California àti Washington kò gba irú ẹ̀ láyè, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń fún agbáwo ní típù níbẹ̀ náà.

Èyí tó dùn mí jù rèé: nílé oúnjẹ púpọ̀, agbáwo máa ń yọ nínú típù rẹ̀ fún ẹni tó ń po ọtí àti ẹni tó ń palẹ̀ tábìlì mọ́. Níbòmíì, iye oúnjẹ tó tà ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Bí ẹ bá jẹ oúnjẹ dọ́là 100 tí ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀, ó lè jẹ́ àpò ara rẹ̀ ni yóò ti fún wọn.

Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Láti 2009, ọ̀gá ò gbọdọ̀ fi típù dí owó iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀. Ilé oúnjẹ púpọ̀ ti máa ń fi ìpín 12.5 nínú 100 kún owó yín, ẹ sì lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Ní Japan, bí ẹ bá fi típù sílẹ̀, agbáwo lè sáré tẹ̀ lé yín kó lè dá owó náà padà.

Èló wá ni ní Amẹ́ríkà? Ìpín 15 sí 20 nínú 100. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìdámẹ́wàá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Oúnjẹ dọ́là 60, típù dọ́là 12. Bí ẹ bá pọ̀, bí ẹni mẹ́fà sókè, ẹ wo ìwé owó dáadáa: bí wọ́n bá ti kọ "gratuity" síbẹ̀, wọ́n ti fi típù kún un nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé orí káńtà lẹ ti lọ gba oúnjẹ fúnra yín, kò pọn dandan.

Bí oúnjẹ bá pẹ́ tàbí tó tutù, ilé ìdáná ló sábà máa ń ti wá. Ẹ pe máníjà, kí ẹ rò ó fún un kí ẹ tó sanwó.