Ẹ yé káàánú ẹni tó ń ṣe postdoc, iṣẹ́ ló ń ṣe

Tí wọ́n bá ti gbọ́ ládùúgbò pé ọmọ Alhaja tó gba PhD lọ́jọ́sí tún ti lọ ṣe postdoc ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé "ṣé kò tíì parí sùkúù ni?", àwọn míì á ní ó ní láti jẹ́ pé kò ríṣẹ́ ló fi padà sí kíláàsì, àwọn kan á tiẹ̀ máa bá ìyá ẹ̀ dárò owó sùkúù tó ń san látọjọ́ yìí. Mo ti gbọ́ ọ ní Èkó-Èpé, mo ti gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Èpé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé gboyè fúnra wọn, ìyẹn ló dùn mí jù. Postdoc kì í ṣe sùkúù. Iṣẹ́ ìwádìí tí ẹni tó ti gba PhD ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe fún ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n ń sanwó oṣù, kò sí mátíríkúléṣọ̀n níbẹ̀, kò sí ìdánwò, tó bá sì parí wọn ò ní fún èèyàn ní dìgírì kankan.

Ẹ wo télọ̀ tó ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, tí wọ́n ti gbàdúrà fún, tí wọ́n ti jẹ ìrẹsì ẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ló bá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá míì tó mọ irú aṣọ tí òun náà fẹ́ mọ̀ rán dáadáa, ó ń bá a ránṣọ, ọ̀gá ń sanwó fún un. Kò sẹ́ni tó máa pe onítọ̀hún lọ́mọ iṣẹ́ mọ́. Bí postdoc ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ tiẹ̀ wo físà tí wọ́n ń fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ Amẹ́ríkà, F-1 ló sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn àjèjì tó ń lọ ṣe postdoc níbẹ̀, J-1 ti olùwádìí ni wọ́n máa ń bá lọ, ó sì lè tó ọdún 5. Ní 2024, NIH tó jẹ́ àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fi owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ postdoc sí 61,008 dọ́là lọ́dún, ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ló sì ń wo ìwọ̀n yẹn san tiwọn. Ní Jámánì, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní TV-L E13 ni wọ́n fi ń sanwó fún púpọ̀ nínú wọn, wọ́n á yọ owó orí, wọ́n á yọ owó ìlera, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù. Owó yẹn ò sọ èèyàn di olówó o, torí ilé ní irú ìlú bíi Boston lè gbé nǹkan bí ìdajì ẹ̀ lọ, àmọ́ owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe owó tí ìyá ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Èpé.

Èyí tó tún burú ni pé tó bá wá jẹ́ neuroscience, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọpọlọ àti nẹ́fù, ńṣe làwọn èèyàn máa ní "àfi dókítà". Rárá o. Àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn ní 2014 lórí bí ọpọlọ ṣe ń mọ ibi téèyàn wà, John O'Keefe, May-Britt Moser àti Edvard Moser, kò sí dókítà ìṣègùn kankan nínú wọn, ìmọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ni wọ́n kà. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: gẹ́gẹ́ bíi postdoc ni O'Keefe ṣe dé London ní 1967, kò pẹ́ tó fi rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ eku tó jẹ́ pé ìgbà tí eku bá dé ojú ibì kan pàtó ni wọ́n máa ń ta kìjí. Àwọn Moser náà ti ṣe postdoc lọ́dọ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó padà sí Norway. Ṣé àwọn wọ̀nyí là ń pè lẹ́ni tí kò parí sùkúù?

Ẹni tó ka zoology, fisheries, ìtọ́jú ẹranko, physiology tàbí biochemistry náà lè ṣe neuroscience. Ó tún lè lọ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní integrative biology, níbi tí wọn ò ti ní gé ẹranko sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọpọlọ ẹ̀, ẹran ara ẹ̀, omi tó ń gbé àti oúnjẹ tó ń jẹ, wọ́n á wo gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọmọ Èpé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ẹ ṣáà mọ òjìjí, ẹja tó ń gbé iná. Apẹja tó bá bá a nínú àwọ̀n ò jẹ́ fọwọ́ lásán kàn án, igi gbígbẹ ló máa fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí iná ara ẹ̀ lè tó 350 volt, iná tó sì ń wọlé wa ò ju nǹkan bíi 230 lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa ẹja yẹn ni pé nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì nẹ́fù ńlá kan ṣoṣo lápá ọ̀tún àti ẹyọ kan lápá òsì ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹran ara tó ń mú iná yẹn jáde. Sẹ́ẹ̀lì méjì péré! Odidi láàbù lè fi ọdún gbọọrọ wádìí irú nǹkan báyìí, ọmọ tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà ẹja Olúwo sì ní ojú tí ọmọ ìlú òyìnbó ò ní. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n James Olopade, dókítà ẹranko, òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti fi òkété tiwa yìí wádìí ohun tí vanadium, irú irin kan tó máa ń wà nínú epo rọ̀bì, ń ṣe fún ọpọlọ.

Èpé gan-an ti wà nínú ìtàn ìmọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1958, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Money kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nípa àìsàn nẹ́fù tó ń bá àwọn èèyàn agbègbè Èpé jà, lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Ìbàdàn gbé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, tí ẹsẹ̀ á kú, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á ṣú, ó sì tọ́ka sí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ṣì ń bá a jiyàn. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni postdoc wà fún.

Àwọn postdoc kan wà tó ní iṣẹ́ olùkọ́ nínú, èèyàn á máa ṣe ìwádìí, á tún máa kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní kíláàsì tàbí kó máa darí practical wọn. Èmi fẹ́ràn ìyẹn fún ẹni tó ní i lọ́kàn láti padà wá di lẹ́kúrà nílé.

Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ṣèpalára jù ni ti owó, torí ẹni tó bá gbà pé sùkúù ni, ó máa gbà pé ó yẹ kóun san nǹkan. Wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan báyìí, ẹ́jẹ́ǹtì ní òun bá a wá "admission postdoc", lẹ́tà tó mú wá sì ní kó san owó sùkúù. Lẹ́tà postdoc gidi máa ń kọ iye tí wọ́n máa san fún ẹ, iye oṣù tí kọ́ńtíráàkì jẹ́, orúkọ láàbù àti ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá ẹ. Tó bá ti ní kí o san owó ìkẹ́kọ̀ọ́, sá.

Kò sì sí ẹ́jẹ́ǹtì tó lè bá ẹ ṣe é. Ìwọ fúnra ẹ lo máa ka iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti tẹ̀ jáde, wàá kọ íméèlì kúkúrú sí i, wàá sọ ohun tó o rí nínú iṣẹ́ ẹ̀ àti ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́, wàá fi CV àti orúkọ àwọn tó lè jẹ́rìí ẹ sí i. Ọ̀pọ̀ ò ní dáhùn, kọ sí ẹlòmíì.

Mi ò ní purọ́ fáwọn ìyá o, ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìdí. Kọ́ńtíráàkì ni, ó lè jẹ́ ọdún kan tàbí méjì, tó bá tán tí owó ọ̀gá ò dé mọ́, ọmọ á tún wá ibòmíì, àwọn kan ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láìtíì rí iṣẹ́ pẹ̀nṣọ́ọ̀nù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í nìyẹn, kì í ṣe ìgbà tó máa parí sùkúù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti gba PhD tẹ́ ẹ jókòó, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbà á ni wọ́n ti ń ka ọdún tẹ́ ẹ lò nínú ìwádìí. Ètò Marie Curie ti Yúróòpù tó ń sanwó fún postdoc, tó gba ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, kì í gba ẹni tó bá ti lò ju ọdún 8 nínú iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD, wọn ò sì ní fún ẹni tó ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó ń lọ ju oṣù 12 nínú oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa tì. Ẹni tó ti wà ní Èpé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òfin kejì yẹn ò dí i lọ́wọ́ rárá. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ní ọ̀gá láàbù tó gbà yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, torí náà íméèlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ.