Ráútà Wi-Fi tó ní ibi ìpamọ́ dátà nínú

Ráútà Wi-Fi tó ní ibi ìpamọ́ dátà nínú jẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú ilé. Ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà àti fóònù láìlo wáyà, háàdì dísìkì inú rẹ̀ sì ń gba ẹ̀dà fáìlì àwọn kọ̀ǹpútà ilé náà pa mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ kò ṣòro láti mọ̀: ẹ̀dà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé. Bí dísìkì bá wà lórí Wi-Fi, láptọ́ọ̀pù á máa ṣe ẹ̀dà fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ti gbé e wọlé.

Apple ló jẹ́ kí irú ẹ̀rọ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní oṣù kìíní ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ náà kéde Time Capsule, tó ní dísìkì 500 GB tàbí 1 TB (ìyẹn 1,000 GB). Ó ń bá Time Machine ṣiṣẹ́, ìyẹn sọ́fítíwíà ìpamọ́ tó dé pẹ̀lú Mac OS X Leopard ní 2007. Time Machine máa ń ṣe ẹ̀dà ní wákàtí wákàtí. Ó ń tọ́jú ti wákàtí mẹ́rìnlélógún tó kọjá, ti ojoojúmọ́ fún oṣù kan, àti ti ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ fún èyí tó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dísìkì bá kún, èyí tó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́. Western Digital náà gbé My Net N900 Central jáde ní 2012. Apple dá Time Capsule dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ lónìí sì jẹ́ ráútà tó ní ojú ihò USB lásán, tí olùrà yóò fi dísìkì tirẹ̀ sí.

Àyípadà yìí dára ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ohun tó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wò, kó tó wo iye GB tó wà lára páálí, ni bóyá dísìkì náà ṣeé yọ. Awo inú háàdì dísìkì ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ó ń gbó bí táyà ọkọ̀ ṣe ń gbó. Ráútà ní tirẹ̀ kì í sábà bàjẹ́ kíá, ìran Wi-Fi tuntun ló ń sọ ọ́ di ògbólógbòó: ìran tó ń jẹ́ 802.11n fìdí múlẹ̀ ní 2009, 802.11ac sì tẹ̀ lé e ní 2013, kí Wi-Fi 6 tó dé. Bí wọ́n bá kan àwọn méjèèjì pọ̀ sínú àpótí kan, èyí tó bá kọ́kọ́ kú á fa èkejì lọ. Ooru náà tún wà níbẹ̀. Ráútà kì í sinmi tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára, dísìkì tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ nínú ooru yẹn. Lára àwọn Time Capsule àkọ́kọ́, àwọn kan wà tó kàn kú lójijì tí wọn kò tan mọ́, Apple sì gbà láti tún èyí tí wọ́n tà láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹfà ọdún 2008 ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyára tún ṣe pàtàkì, pàápàá fún ẹ̀dà àkọ́kọ́, tó máa ń kó gbogbo fáìlì pátá. Ojú ihò wáyà tó ń gbé 100 Mbps (mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kò lè kọjá 12.5 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà 500 GB yóò gbà ju wákàtí mọ́kànlá lọ. Èyí tó ń gbé 1 Gbps lè parí rẹ̀ ní wákàtí kan àti díẹ̀ bí dísìkì àti ọpọlọ ráútà bá lè bá a rìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú kò lè ṣe. Ó sàn kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ọn kí wọ́n tó sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn fáìlì tó yí padà nìkan ni yóò máa gba Wi-Fi kọjá. USB 3.0 yára ju 2.0 lọ dáadáa, àmọ́ ó lè da Wi-Fi orí ìgbì 2.4 GHz láàmú. Wáyà tó dára àti lílo ìgbì 5 GHz máa ń tán ìṣòro náà.

Kí olùrà tún béèrè bóyá ráútà náà mọ sọ́fítíwíà ìpamọ́ kọ̀ǹpútà òun. Gbogbo ráútà tó ní USB kọ́ ni Time Machine lè lò. File History, sọ́fítíwíà ìpamọ́ ti Windows tó dé pẹ̀lú Windows 8 ní 2012, kò ṣe ìyọnu tó bẹ́ẹ̀. Fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tó o. Dísìkì tí wọ́n tò sí FAT32, ìyẹn ìlànà àtijọ́ kan fún títo fáìlì sórí dísìkì, kò lè gba fáìlì kan tó tó 4 GB.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú fò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n rí i pé kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ VPNFilter ti wọ ó kéré tán 500,000 ráútà àti ẹ̀rọ ìpamọ́ ní orílẹ̀-èdè 54. WannaCry, kòkòrò mìíràn, gba inú SMB1 wọlé ní 2017, ọ̀nà àtijọ́ fún pínpín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Time Capsule ṣì ń lò, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù rẹ̀ ro ó dáadáa. Ráútà tí olùṣe rẹ̀ ṣì ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì ti ọ̀nà tó jẹ́ kí ará ìta lè wo dísìkì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì pa.

Kòkòrò tó ń ti fáìlì pa láti gba owó ìtúsílẹ̀ lè dé orí dísìkì tó so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, iná tó bá sì jó ilé kò ní fi ráútà sílẹ̀. Nítorí èyí ni ayafọ́tò Peter Krogh fi gbé òfin 3-2-1 kalẹ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Dísìkì ara ráútà jẹ́ ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìlọ́po méjì gbogbo ohun tó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà ilé ni ìwọ̀n dísìkì tó bójú mu. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n mú fọ́tò kan láti inú ẹ̀dà, kí wọ́n dá a padà sínú fódà mìíràn, kí wọ́n ṣí i wò. Bí kò bá ṣí, ìgbà yẹn ni àtúnṣe ṣì rọrùn, nítorí ojúlówó fọ́tò náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà.