Kíkó páásíwọ́ọ̀dù láti inú àpótí kan sí òmíràn

Kíkó páásíwọ́ọ̀dù láti inú àpótí kan sí òmíràn ni ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tó wà nínú áàpù kan lọ sínú áàpù mìíràn, láìjókòó máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí tí à ń wí yìí ni áàpù tó ń bá ni rántí orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Páásíwọ́ọ̀dù àgbà kan ṣoṣo ló máa ń ti gbogbo wọn pa, áàpù náà á sì bá ni tẹ̀ wọ́n nígbà tí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè. KeePass ti wà láti 2003, 1Password láti 2006, LastPass láti 2008, Bitwarden láti 2016. Chrome, Firefox àti Safari náà ní tiwọn nínú, irú èyí ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn, kódà lọ́wọ́ ẹni tí yóò búra pé òun kò ní àpótí kankan. Ó kàn tẹ «Save» lọ́jọ́ kan ni, Chrome sì ti ń bá a tọ́jú rẹ̀ látìgbà náà.

Iṣẹ́ náà kì í pẹ́. Fáìlì tó máa ń wà láàárín àpótí àtijọ́ àti tuntun ló yẹ kí ènìyàn ṣọ́.

## Ohun tó ń fà á

Fóònù tuntun ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó ti ń lo Android bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá ra iPhone tòkunbọ̀ ní Queen Cinema ní Dùgbẹ̀, á rí i pé ọ̀dọ̀ Google ni gbogbo páásíwọ́ọ̀dù òun wà, bẹ́ẹ̀ fóònù tuntun ń fi àpótí tirẹ̀ lọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ di dandan kó kó wọn: bó bá gbé Chrome sórí iPhone náà, tó wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google rẹ̀, tó sì yan Chrome nínú ètò fóònù pé kó máa bá òun tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ó parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ èyí títí wọn yóò fi wahala ara wọn tán.

Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù ló yí òfin padà. Ní Oṣù Kẹta 2021, LastPass sọ fún àwọn tí kì í sanwó pé kí wọ́n mú ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, pé wọn kò ní lè lo méjèèjì pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù lọ sí Bitwarden. Microsoft Authenticator ṣíwọ́ bíbá ènìyàn tẹ páásíwọ́ọ̀dù ní Oṣù Keje 2025, nígbà tó sì di Oṣù Kẹjọ, ẹni tó fi tirẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ kò lè rí i níbẹ̀ mọ́.

Ìdí kẹta ni olè. Ní Oṣù Kejìlá 2022, LastPass kéde pé ẹnì kan ti da ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà kọ lọ. Páásíwọ́ọ̀dù inú wọn wà ní títì pa, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àwọn ojú ìwé tí oníbàárà ń lò kò sí ní títì, nítorí náà olè mọ báǹkì tí kálukú ń lò kó tó ṣí ohunkóhun. Ẹni tó bá kó lẹ́yìn irú èyí tí kò pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù kò tíì ṣe nǹkan kan: kọ́kọ́rọ́ tí olè ti ní ẹ̀dà rẹ̀ náà ló kó sínú àpótí tuntun.

## Fáìlì CSV

Bí àpótí méjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn, CSV ni ògbufọ̀. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni. Ìlà kan ń dúró fún àkáǹtì kan, kọ́mà ló sì ń pín ohun tó wà nínú ìlà sí òpó òpó. Ìwé tó ṣàlàyé bí CSV ṣe yẹ kó rí, RFC 4180, jáde ní 2005, àmọ́ kò sọ òpó tó yẹ kí fáìlì páásíwọ́ọ̀dù ní, kálukú sì ń ṣe tirẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì Chrome máa ń kà báyìí:

name,url,username,password,note

Firefox fi url ṣáájú, ó sì ń kọ ìgbà tí a lo páásíwọ́ọ̀dù kẹ́yìn mọ́ ọn. Bitwarden ń pe òpó tirẹ̀ ní login_uri, login_username àti login_password. Ìdí nìyí tí áàpù tuntun fi máa ń béèrè ibi tí ẹrù ti ń bọ̀. Ẹni tó bá yan orúkọ áàpù tí kì í ṣe ibi tí ẹrù ti wá lè bá páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú òpó àkọsílẹ̀ (note), tàbí kó má bá a rárá.

Kọ́mà tó wà nínú páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ká ní ẹnì kan fi «amala,gbegiri7» ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Áàpù tó mọṣẹ́ á fi àmì àyọlò yí i ká nínú fáìlì:

Ile-iwe,https://example.com,08012345678,"amala,gbegiri7",

Bí ẹnikẹ́ni bá yọ àmì àyọlò náà kúrò, àmàlà nìkan ni yóò kù nínú òpó páásíwọ́ọ̀dù, gbẹ̀gìrì á ti dà sí òpó tó tẹ̀ lé e.

Excel ló máa ń ba fáìlì yìí jẹ́ jù. Ènìyàn á fẹ́ yọ àwọn àkáǹtì tí kò lò mọ́, á ṣí fáìlì náà pẹ̀lú Excel, á pa ìlà díẹ̀ rẹ́, á sì tẹ «Save». Ní Nàìjíríà, níbi tí nọ́ḿbà fóònù ti jẹ́ orúkọ ìwọlé lórí ọ̀pọ̀ áàpù, Excel á ti ka 08012345678 sí iye, á sì gé òdo iwájú rẹ̀ sọnù. 8012345678 ni yóò wọ àpótí tuntun. Páásíwọ́ọ̀dù tó jẹ́ nọ́ḿbà gbọọrọ, tí ẹyọ rẹ̀ ju 15 lọ, á di òdo láti ìkẹrìndínlógún lọ. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì = tàbí +, ìṣirò ni Excel á kà á sí. Orúkọ tí a fi àmì ohùn kọ, bíi Báǹkì Ọmọ Mi, lè di jágbajàgba bí Excel kò bá ka fáìlì náà gẹ́gẹ́ bí UTF-8, ìlànà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó mọ àmì ohùn. Bí òdo ṣe ń lọ, ẹ̀dà Excel àtijọ́ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Notepad kì í ṣe irú èyí, ṣùgbọ́n ó tún dáa jù kí a wọ àpótí àtijọ́, kí a ti ibẹ̀ yọ ohun tí a kò fẹ́ kí a tó kó o jáde.

## Bí wọ́n ṣe ń kó o

Lórí kọ̀ǹpútà, Google Password Manager nínú Chrome ní «Export passwords» lábẹ́ Settings. Ó máa ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kó tó gbà. Firefox ní tirẹ̀ ní about:logins, tí a ń tẹ̀ síbi àdírẹ́sì, láti ẹ̀dà 79 tó jáde ní Oṣù Keje 2020. Bitwarden ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù àgbà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn mú CSV, JSON (irú fáìlì ọ̀rọ̀ mìíràn), tàbí JSON tó wà ní títì pa. Títì pa yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀dà tàbí tó ń ti Bitwarden kan bọ́ sí Bitwarden mìíràn. Àpótí ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í sábà lè kà á. Ẹni tó ń lo KeePass kò ní wahala tó bẹ́ẹ̀, torí fáìlì .kdbx rẹ̀ ni àpótí fúnra rẹ̀, ní títì pa bó ṣe wà.

Ní apá kejì, «Import» ni, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni kí ènìyàn ṣe é. Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá láàárín, kí ó kọ́kọ́ wo iye tó ti wọlé kó tó tún un tẹ̀. Bitwarden kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó ń gbà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan gbogbo á sì di méjì méjì.

CSV kì í gbé gbogbo ẹrù. Fáìlì tí a so mọ́ àkáǹtì kì í bá a lọ, páásíwọ́ọ̀dù tí a jọ ń lò pẹ̀lú ẹbí tàbí ọ́fíìsì sì lè má sí nínú rẹ̀. Kóòdù oní-nọ́ḿbà mẹ́fà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 ní òpó nínú fáìlì LastPass, kò ní nínú ti Chrome. Ti Google Authenticator, QR ni wọ́n fi ń kó o láti fóònù sí fóònù. Passkey, kọ́kọ́rọ́ tí fóònù tàbí áàpù fi ń báni wọlé dípò páásíwọ́ọ̀dù, kì í wọ inú CSV rárá, torí náà àpótí àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà títí a ó fi ṣe òmíràn sínú tuntun.

## Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé a máa lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Agbowó, tó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn, kún fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọ àkáǹtì Google rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, á kó páásíwọ́ọ̀dù jáde, á fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí WhatsApp, á sanwó, á sì lọ. Fáìlì náà ṣì wà nínú Downloads, orúkọ rẹ̀ sì ni Chrome Passwords.csv, bíi pé ó ń ké sí olè. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ láti wá CV tirẹ̀ nínú Downloads lè ṣí i, kò sì ní í béèrè páásíwọ́ọ̀dù kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà kan tún wà lórí WhatsApp, ó sì lè wọ inú bákọ́ọ̀pù rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀, ó ti di mẹ́ta.

Kọ̀ǹpútà ara ẹni ló yẹ fún iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tó ṣeé fọkàn tán. Bí a bá ti kó o wọlé tán, kí a pa fáìlì náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí a sì da Recycle Bin nù pẹ̀lú. Bí ẹ̀rù bá ń bani pé ẹnì kan ti rí i, páásíwọ́ọ̀dù ni kí a pààrọ̀, ti ímeèlì ni àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó bá ní ímeèlì lè fi gba ìyókù. Ọ́fíìsì tó ń kó ti òṣìṣẹ́ rẹ̀ tún ní òfin láti rò: òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sọ pé kí ẹni tí dátà ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáàbò bò ó.

## Kí a tó pa àpótí àtijọ́ tì

Iye tó wà nínú àpótí méjèèjì yẹ kó dọ́gba. Kí a gbìyànjú àkáǹtì mẹ́ta ó kéré tán: ímeèlì, ọ̀kan tó ń lo nọ́ḿbà fóònù, àti ọ̀kan tí kọ́mà tàbí àmì mìíràn wà nínú páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Kí a pa ìfipamọ́ inú bráwúsà, kí páásíwọ́ọ̀dù tuntun má baà máa bọ́ sí àpótí àtijọ́ láìmọ̀. Páásíwọ́ọ̀dù àgbà ti tuntun ni kí a kọ sórí ìwé, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Bitwarden fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kò sì lè bá ẹni tó gbàgbé rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kí a tó pa àkáǹtì àtijọ́ rẹ́.

## Láìsí fáìlì láàárín

Ní Oṣù Kẹwàá 2024, FIDO Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìlànà passkey, gbé àkọsílẹ̀ ìlànà méjì jáde fún gbogbo ènìyàn láti wò. CXF ń sọ bí ẹrù ṣe yẹ kó rí, CXP sì ń sọ bí áàpù kan yóò ṣe fi í lé òmíràn lọ́wọ́ ní títì pa. Apple fi irú èyí sínú iOS 26, tó jáde ní Oṣù Kẹsàn-án 2025: ojú tàbí ìka oní-fóònù ló ń fọwọ́ sí i, ẹrù á kọjá láti áàpù sí áàpù, passkey pẹ̀lú, kò sì sí fáìlì tó ń kù sílẹ̀. Áàpù méjèèjì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè náà. iPhone 11 sókè ló sì ń gba iOS 26. Ẹni tó bá ra XR tàbí XS tòkunbọ̀, CSV ṣì ni yóò fi kó ẹrù.